Ìyá Tí Kò Mọ Ọmọ Rẹ̀ Mọ́

Bí ìyá àgbà kan bá dé ibi tí kò mọ ọmọ tí ó bí mọ́, tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tí ó sì ń pariwo nígbà tí a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò kì í jìnnà. Àwọn kan a ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn a ní àjẹ́ ni, ó ń jẹ́wọ́. Àwa ń wí i láìfi bò pé irọ́ gbáà ni èyí kejì, irọ́ tí a sì ti tìtorí rẹ̀ lu àwọn ìyá wa.

Àrùn ọpọlọ ni. Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ láàárín àwọn arúgbó Ìdíkàn. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2001 ni pé ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ju láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis lọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wà.

Nígbà tí ó bá dójú ẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbé nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu, ẹsẹ̀ a kọ̀, ìtọ̀ kò ní ṣeé dá dúró, oúnjẹ a sì ṣòro láti gbé mì. Níhìn-ín ni ìfẹ́ àwọn ọmọ ti ń ṣe ìpalára. Wọn a tẹ́ ìyá gbalaja, wọn a máa rọ ọ́ ní ẹ̀kọ bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀kọ tí ó bá gba ọ̀nà èémí wọlé a di òtútù àyà, òun ni ó sì ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gbé e jókòó dáadáa. Ẹ fi ṣíbí kékeré bù ú, kí ó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Bí ó bá pa ẹnu dé, ẹ má fi agbára là á. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ má baà dégbò. Ẹni tí kò lè sọ pé ara ń ro òun a máa fajú ro, a máa kérora: ẹ ṣọ́ ojú rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ki oríkì rẹ̀. Ohùn ọmọ tí kò mọ̀ lórúkọ mọ́ ṣì lè tù ú nínú.

Ta ni yóò ṣe gbogbo èyí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin kan ṣoṣo ni a dá a lé lórí, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń béèrè ìdí tí Màmá fi rù. (Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í yí aláìsàn padà lórí ibùsùn.)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọmọdé ń gbà gbọ́: ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ni ó ń ṣe ìyá àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ẹ dìbò fún bá tún wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi wọ́n léèrè pé: nọ́ọ̀sì mélòó ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí tí ó lè lọ wo arúgbó nílé, kí ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀?