Bíbẹ́ Orí Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Má Da Ìkànnì Wa Nù

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ariwo ò ti jẹ́ ká gbádùn lórí ìkànnì tí a kọ orúkọ àwọn ìdílé wa sí níhìn-ín ní Kano. Àwọn kan tẹ líǹkì ọmọ wọn, àṣìṣe ló jáde. Èyí tó burú jù ni pé ẹnì kan yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà nínú àdírẹ́ẹ̀sì, ló bá rí gbèsè ẹgbẹ́ tó wà lọ́rùn ìyá opó kan. Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ká da gbogbo rẹ̀ nù, ká tún lọ dáwó fún ẹlòmíì, a ò bá yín lọ síbẹ̀ o.

Rails ni wọ́n fi kọ ọ́, irinṣẹ́ tí David Heinemeier Hansson, ọmọ Denmark, gbé jáde lọ́dún 2004. Kò sóhun tó ṣe Rails. Tí ọmọ bá wà lábẹ́ ìdílé, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á máa jẹ́ /families/3/members/12. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ẹni tó bá lo family_member_path gbọ́dọ̀ kó ìdílé síwájú, kí ọmọ tẹ̀lé e. Tó bá dárúkọ ọmọ nìkan, Rails á ní "missing required keys". Ẹ tẹ bin/rails routes, gbogbo ọ̀nà náà á jáde, ẹ óò rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè.

Àwa náà sì lẹ́bi. Àwa la ní kí ọmọ wa fi ìdílé sínú ẹ̀ka, ọmọ sínú ìdílé, owó sínú ọmọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà Rails fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má kì wọ́n bọ inú ara wọn ju ìpele kan lọ. Tó bá kọ shallow: true, líǹkì á kúrú, wàhálà á dínkù.

Ti ìyá opó yẹn wá ńkọ́? Pé nọ́ńbà ìdílé wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ààbò rárá! Member.find lásán á gbé ọmọ ẹnikẹ́ni wá. current_user.family.members.find ló yẹ: ìdílé ẹni tó wọlé ni kó kọ́kọ́ mú, kó wá wá ọmọ nínú ìdílé yẹn nìkan. Bákan náà ni kó ṣe fún owó.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé. Kí wọ́n ti ojú ewé owó pa lálẹ́ òní. Kí ìdílé méjì wọlé, kí wọ́n gbìyànjú láti rí ti ara wọn. Tí wọn ò bá rí i, ká tún un ṣí. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ bẹ ìyá yẹn nílé rẹ̀. Owó tuntun kọ́ ló máa tún un ṣe o, ẹ̀yin ará.