Gẹdú wọ́n, èrè rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní sọ́mìlì Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ra pákó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, yálà nílùú Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mọ̀ pé owó igi ti gòkè. Owó epo àti owó ọkọ̀ ni àwọn onígẹdú ń dá lẹ́bi, wọn ò sì parọ́, nítorí igi líle bíi ìrókò, ọ̀gànwó àti àpá ti jìnnà sílé. Àmọ́ ibì kan wà tí èrè ti ń jò tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà: ibi tí wọ́n ti ń la igi náà gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la igi nínú igbó máa ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 8 sí 10 lára igi nígbàkigbà tó bá kọjá. Ẹ̀rọ CD tó wà ní sọ́mìlì kì í jẹ ju bíi mìlímítà 3 lọ, bí ayùn rẹ̀ bá mú. Tí wọ́n bá la gẹdú kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ti inú igbó á ti sọ pákó oní-ínṣì kan mẹ́ta tàbí mẹ́rin di lẹ́búlẹ́bú, nígbà tí ti sọ́mìlì á jẹ bíi ẹyọ kan. Síbẹ̀, ní sọ́mìlì pàápàá, nǹkan bí ìdajì gẹdú ló ń di pákó. Ìyókù, èèpo àti àjákù ni.

Ayùn tó kú tún ń dá kún un. Ìrókò mìíràn máa ń ní òkúta nínú, eyín ayùn tó bá sì kò ó á bàjẹ́. Bí wọn ò bá tètè pọ́n ọn, pákó á nípọn lápá kan, á fẹ́lẹ́ lápá kejì. Káfíńtà ló máa fi ìfági jìyà rẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ wà jù ni yíyí gẹdú. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó yípo: ibo ni ẹ̀ka ti yọ rí, ibo ló wọ́, ibo ló ti là? Ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ jù ló máa kọ́kọ́ là. Bí kókó bá ti ń yọjú, á yí gẹdú sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, títí tó fi máa ku àárín igi, tó ṣeé fi ṣe òpó. Ní ọ̀pọ̀ sọ́mìlì wa, wọn kì í yí i. Bí ẹni gé búrẹ́dì ni wọ́n ń là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kókó á sì wọ inú gbogbo pákó.

Ẹ̀bi alágbàlà nìkan kọ́ o. Iye pákó tó bá là ni wọ́n fi ń sanwó fún un, ọjà náà sì ń wo orúkọ igi àti ìwọ̀n rẹ̀ nìkan. Pákó ìrókò tó mọ́ tónítóní àti èyí tó kún fún kókó, iye kan náà ni wọ́n sábà máa ń tà wọ́n. Kí ló máa mú un fàkókò ṣòfò?

Ibi tí wọ́n ti ń díye lé mímọ́ igi, bíi Amẹ́ríkà, òfin ló wà fún un. National Hardwood Lumber Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1898, sọ pé pákó ipò kìíní gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 6, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ìdá 10 nínú 12 rẹ̀ sì mọ́. Èyí tó jẹ́ ìdá 8 nínú 12 ló mọ́, ipò rẹ̀ wálẹ̀, owó rẹ̀ náà sì wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó gẹdú lásán jáde. Ilé la ti gbọ́dọ̀ jèrè igi. Àjọ FRIN, tó ń ṣèwádìí igbó láti ọdún 1954, wà ní Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ onísọ́mìlì lè pè wọ́n wá kọ́ àwọn alágbàlà. Ṣùgbọ́n bí àwọn onípákó ò bá ya èyí tó mọ́ sọ́tọ̀, kí owó rẹ̀ sì yàtọ̀, ẹ̀kọ́ náà ò ní pẹ́ kó tó di ìgbàgbé.

Àgbẹ̀ tó ní ìrókò tàbí tíìkì lóko náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n là á sínú igbó, bí ọ̀nà bá wà láti gbé e dé sọ́mìlì. Bí wọ́n bá sì ti gé e, kó fi ọ̀dà kun ojú méjèèjì gẹdú náà lọ́jọ́ yẹn, kí oòrùn má baà là á kó tó dé ọ̀dọ̀ ayùn.