Ẹ Má Ṣe Rò Pé Ó Wà Láàárín Èrò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì, Kánò, Kàdúná àti ibi gbogbo tí òwò tàbí iṣẹ́ gbé yín dé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún 12 ni Jésù nígbà tí Jósẹ́fù àti Màríà ń padà bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn wọn. Wọ́n rò pé ó wà láàárín èrò ni (Lúùkù 2).

Irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń jẹ́ ní JSS 1. Nígbà tí wọ́n wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, à ń wo ìwé wọn. Tí wọ́n bá ti wọ JSS, a ó ní, "Ó ti dàgbà, n kò mọ ìwé wọn mọ́." A fi ọmọ sílẹ̀ fún tíṣà. Bẹ́ẹ̀, tíṣà kan ló ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tíṣà tirẹ̀. Ta ló ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí kò ṣe òbí? Nílé lọ́hùn-ún, ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n lè bá wa wò ó. Níbi tí a wà yìí, àwa nìkan ni. Ọdún 3 péré sì ni, ìdánwò BECE ti dé. Bí ẹni bá dúró de èsì ìparí táàmù, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Èrò mi ni pé kò dìgbà tí ẹ bá mọ ìwé púpọ̀. Lálẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ lónìí. Ibi tó bá ti ń kólòlò ni kò tíì yé e. Kó sàmì síbẹ̀, kó bi tíṣà rẹ̀ lọ́la. Ẹ má pè é ní olódo. Jésù pàápàá béèrè ìbéèrè nínú tẹ́ḿpìlì.

Lọ́jọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi í pé: "Bí a bá ra ọjà ní ₦4,000, tí a tà á ní ₦5,000, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè wa?" Ìṣirò JSS nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó lè dun àwọn kan. Ọmọ tí kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ni yóò kàwé? Mo mọ̀ pé ọjà ló ń san owó ilé-ìwé. Àmọ́ nítorí ọmọ náà la ṣe fi ilé sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjà gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Jósẹ́fù àti Màríà padà lọ wá a, wọ́n sì rí i. Ilé wọn ní Násárẹ́tì ló ti dàgbà nínú ọgbọ́n. Lálẹ́ òní, ẹ padà lọ wá tiyín. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.