Ọkọ̀ Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ẹni tó bá dúró ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó kọjú sí ọ̀nà tó ti Àpápá bọ̀, kò ní pẹ́ rí wọn. Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Ọ̀rá ṣì wà lórí àga. Òǹkà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára gíláàsì iwájú níbi tí wọ́n ti lù wọ́n ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà kò tíì parẹ́. Lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó yẹ kí nọ́ńbà Èkó wà, ihò nọ́ọ̀tì lásán ló ṣí sílẹ̀. Awakọ̀ a gbé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lé itan, ojú rẹ̀ a sì máa wá aṣọ funfun àwọn VIO, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kiri láàárín àwọn dáńfó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó sídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè. Ibi tí òfin fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ ni wọ́n ń lọ: kí wọ́n lè yẹ bíréèkì, iná, táyà àti èéfín rẹ̀ wò, kí ó gba ìwé pé ó yẹ lójú pópó, kí ó sì ní nọ́ńbà. Òfin yìí kan náà ló tún sọ pé ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kan títì. Láàárín àṣẹ méjèèjì yìí ni owó aráàlú ti ń jò lọ. Ọ̀rọ̀ owó náà ló ká mi lára.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹni tó ra ọkọ̀ náà ṣe dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín lọ́nà ẹ̀tọ́ kò lè gba Kútọnu sí Sẹ̀mẹ̀ mọ́. Èbúté ló kù, Tin Can àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, iye tí dọ́là bá jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bíi ₦422 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń ka dọ́là kan sí. Nígbà tí a fi wọ oṣù kejì ọdún 2024, ó ti di ₦1,356. Ọkọ̀ kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́bọ̀ kún iye tí wọ́n rà á lókè òkun, owó tí wọ́n ń bù lé e ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ẹni tó kó àjọ, tó tún yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ó lè ra Corolla tí yóò fi máa ṣe Bolt, àpò rẹ̀ ti gbẹ kí ọkọ̀ náà tó jáde ní géètì. Ìnáwó kò sì tíì tán. Ìbánigbófò tí òfin kàn nípá, tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀, ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọdún 2022, Joint Tax Board gbé nọ́ńbà ọkọ̀ kúrò ní ₦12,500 sí ₦18,750. Mi ò bá ìyẹn jà, nítorí a mọ ibi tí owó náà ń lọ, a sì ń gba rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì ni tojú ọ̀nà: Mile 2, Cele, Ìlasà, Ìyànà-Ìsọlọ̀, Toyota, kí a tó dé Òṣòdì. Ibikíbi tí wọ́n bá ti dá a dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́: nọ́ńbà rẹ dà?

Nínú ìwé ìtanràn Road Safety, ₦3,000 ni ẹ̀ṣẹ̀ nọ́ńbà. Kì í ṣe owó yẹn ló ń dẹ́rù bani. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ tì mọ́ ọgbà, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ, nígbà tí olórí àjọ ń retí owó ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù yẹn ló ń mú kí ẹni tí kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gúnjẹ rí láyé rẹ̀ máa ka owó sábẹ́ ìwé.

Ṣé ọ̀nà ẹ̀tọ́ wà? Ó wà. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí ìwé máa rìn, kí ọkọ̀ jókòó. Ẹni tó ra ọkọ̀ a kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, rìsíìtì àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò lè fi nọ́ńbà ṣáásí kọ ìwé tirẹ̀. Tí nọ́ńbà bá jáde, a mú un àti sukurudíráfà lọ sí yáàdù, a dè é mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni táyà tó máa kan títì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fojú kan ọkọ̀ náà kí nọ́ńbà tó jáde, a padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà pàápàá a máa wọ́n lÉkòó nígbà mìíràn, yáàdù a sì máa gba owó ilẹ̀ fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè ti di ẹrù. Ẹnikẹ́ni kò wà á, ọkọ̀ tó rù ú sì ní nọ́ńbà àti ìwé tirẹ̀. Ó wọ́n. Síbẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ wé gbogbo ohun tí ẹ lè ná láti Tin Can dé Òṣòdì. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Òfin ìrìnnà fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ tó gba ìwé àṣẹ ní nọ́ńbà tiwọn, tí wọ́n lè fi gbé ọkọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ bi ẹni tó ń tà fún yín bóyá ó ní in. Púpọ̀ wọn kò ní, ẹni tó sì wá ra ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbà á.

Àwọn kan a máa mẹ́nu ba ẹjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ dá ní Àbújá lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2024, pé VIO kò lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí bu owó ìtanràn. Ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà olú-ìlú wa ni. Kò sọ pé kí ọkọ̀ máa rìn láìní nọ́ńbà, ọlọ́pàá àti Road Safety sì ṣì wà lójú títì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e ní Òṣòdì.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó ẹ̀gúnjẹ pàápàá. Nígbà tí ìrìn àjò lọ síbi àyẹ̀wò bá ti di ewu, ajẹ́ńtì tó ń báni gba ìwé ọkọ̀ á wá sọ fún ọ pé: ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ wá, ẹ fi owó ránṣẹ́. Ìwé á jáde, ojú kò kan bíréèkì. Ìjọba Èkó ra ẹ̀rọ, wọ́n kọ́ ibùdó tí kọ̀ǹpútà ti ń wọn agbára bíréèkì àti bí iná iwájú ṣe tàn tó. Ẹ̀rọ náà kò lè wọn ọkọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tó yẹ kí ó dé ibẹ̀ ju gbogbo ọkọ̀ lọ. Òmíràn ti fara gbá nínú jàǹbá lọ́hùn-ún, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n kùn ún. Òmíràn, páìpù bíréèkì rẹ̀ ti dógùn-ún nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín. Táyà tó bá a wọkọ̀ ojú omi lè ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Irú ọkọ̀ yìí ló ń sáré níwájú àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọdá ní Máfolúkù, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ara rẹ̀ le.

Àwọn ìlú kan ti yanjú rẹ̀. Ní Jámánì, ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lè gba nọ́ńbà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tó ní ilà yẹ́lò lápá ọ̀tún, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò kú sí. Àwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ pé ọkọ̀ tí ìwé àyẹ̀wò MOT rẹ̀ ti kú lè lọ sí gáréèjì tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn àyẹ̀wò, bí ó bá ṣáà ti ní ìbánigbófò, tí ó sì dára tó láti rìn.

Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ìwé ọlọ́jọ́ márùn-ún ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, lórí fóònù: nọ́ńbà ṣáásí, orúkọ ẹni tó ni ín, ibùdó àyẹ̀wò tó ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ní nọ́ńbà ṣáásí náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba owó wọn. Kí wọ́n gba ₦2,000 péré. Ẹni tó bá ní olè yóò fi jalè, kí ó rántí pé lónìí, olè ń rìn láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọlúàbí tí ọkọ̀ tiwọn náà kò ní nọ́ńbà. Bí gbogbo ọmọlúàbí bá ní ìwé lórí fóònù, ẹni tí kò ní in ni ọlọ́pàá yóò mọ̀ pé kí àwọn bi léèrè. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì nìkan ná, kí wọ́n wo iye tó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta àti iye ọkọ̀ tó dé orí ẹ̀rọ.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó tà á ni yóò gbé ọkọ̀ náà dé ilé tàbí dé ibi àyẹ̀wò, yálà pẹ̀lú nọ́ńbà oníṣòwò rẹ̀ tàbí lórí ọkọ̀ agbẹ́rù. Kí ó sì mú díẹ̀ dání nínú owó náà títí nọ́ńbà yóò fi wà lára bọ́ńpà.