Lọ́ọ̀nù Nìkan Kọ́ Ni Oògùn Òṣì

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti àwọn ayánilówó tí wọ́n fẹ́ ká pín ara wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ẹgbẹ́ ṣe onídùúró, kí wọ́n wá máa yá wa lówó. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ìṣẹ́ parí nìyẹn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ìpàdé tó fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ dára. Ní 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Muhammad Yunus rí àwọn obìnrin abúlé Jobra ní Bangladesh tí wọ́n ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó. Wọn ò lówó ọparun, ẹni tó ń yá wọn ló sì ń kó gbogbo èrè lọ. Yunus yọ dọ́là 27 lápò ara rẹ̀, ó yá èèyàn 42. Ibẹ̀ ni Grameen Bank ti hù, tó di báńkì gidi ní 1983, tó ń yá obìnrin lówó láìgba dógò. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006, òun àti báńkì náà. (Àwa náà ti ń dá èsúsú tipẹ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó fún wa ní Nobel.)

Gbogbo ayé wá gbà pé lọ́ọ̀nù kékeré ni yóò lé òṣì lọ. Àwọn onímọ̀ kan ò fẹnu lásán gbà á. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú àdúgbò 104 ní Hyderabad, ní Íńdíà. Ayánilówó kọ́kọ́ wọ ìdajì, ó fi ìdajì sílẹ̀ ná, wọ́n wá fi wéra. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní 2015 ni pé àwọn tó ti ní òwò tẹ́lẹ̀ rí ọjà kún ọjà, àwọn kan lára wọn sì jèrè gan-an. Ṣùgbọ́n tí a bá kó gbogbo ilé pọ̀, oúnjẹ àti ìnáwó inú ilé kò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-ìwé ọmọ kò yí padà.

Kò yà mí lẹ́nu. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń ta ata ní ìlà kan, tí gbogbo wọn yá owó kó ata sí i, ṣé ẹni tó ń ra ata pọ̀ sí i ni? Ata ló máa rà. Ohun tó ń fa ìṣẹ́ wa ju àìrówóyá lọ. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, epo tí kò tó 200 náírà lítà kan di bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ ẹrù sì bá a gòkè. Ọ̀nà tí kò dára ń ba tòmátò jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́ọ̀nù wo ló máa tún ọ̀nà ṣe?

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní wọ́n yá ọ 100,000 náírà, kí o san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. O san 120,000. Wọ́n á ní èlé 20 lórí 100 péré ni. Irọ́ ni! Ọ̀sẹ̀ kejì lo ti ń dá owó wọn padà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, 50,000 péré nínú ojú owó ló kù lọ́wọ́ rẹ, èlé 100,000 lo ṣì ń san. Tí wọ́n bá tún yọ 10,000 sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé ìfowópamọ́ ni, èlé yẹn ti ju 40 lórí 100 lọ, láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n gbómúléláńtà ni?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má yá owó. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá, tí oníbàárà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kó sí i, kó yá a. Ẹni tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé, tàbí tó fẹ́ fi san gbèsè mìíràn, kó wá sínú àjọ wa. Ní ti ìdúró, mi ò fọwọ́ sí i: kò yẹ kí alátà san gbèsè aláṣọ tó sá lọ.

Tí wọ́n bá wá sí ìpàdé, kí akọ̀wé wa ní kí wọ́n kọ gbogbo iye tí a máa san, àtèlé, àtowó fọ́ọ̀mù, àtèyí tí wọ́n ń yọ, sórí ìwé kan ní Yorùbá. Tí wọn ò bá kọ ọ́, kí wọ́n máa lọ.