Wákàtí Kọ́ Ni Iṣẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kéde nídìí oúnjẹ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe jẹ́, nítorí pé láti ọdún 2022 òfin wọn kò ka iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ lò ní kíláàsì mọ́. Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ mi orí sí i. Èmi kò mi tèmi.

Kí ni òfin àtijọ́ wí? Wákàtí 1,900 ni ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé-àṣẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ lò: 400 fún ìpìlẹ̀, 750 fún ara ọkọ̀, 750 fún ẹ́ńjìnnì. Inú òfin gan-an ni wọ́n to ohun tí a ó kọ́ sí, tí olùkọ́ kò fi lè fo ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa igi àti aṣọ tí a fi ń bo àwọn ọkọ̀ kéékèèké, wákàtí sì ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń dúró dè é ní pápá ti kún fún kọ̀ǹpútà. Òfin titun ní kí ẹ̀kọ́ bá ìwọ̀n tí a fi ń dán mẹkáníìkì wò mu, kí 70 ó kéré tán nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ìdánwò sì yege.

Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la èyí yé àwa tí à ń kọ́ èdè. Àwọn kan wà nínú wa tí ó ti jókòó ní kíláàsì Faransé fún ọdún mẹ́ta, tí wọn kò lè ra omi mu ní Kútọnu. Mo mọ ọ̀kan dáadáa, èmi ni. Orúkọ mi kò sì já nínú ìwé ìpè rí.

Ọ̀rẹ́ mi ní ìrírí ni wákàtí ń fúnni. Ó dára. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1990, gíláàsì iwájú ọkọ̀ British Airways kan tí ó gbéra ní Birmingham já dànù lójú òfurufú. Atẹ́gùn fa ọ̀gá awakọ̀ síta dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì mú títí ọkọ̀ fi balẹ̀ ní Southampton. Orí yọ ọ́. Nínú bóòtù 90 tí ó de gíláàsì náà, 84 ni ó tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ lọ, ìyàtọ̀ tí kò tó mìlímítà kan. Ta ni ó fi wọ́n síbẹ̀? Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ àná. Ọ̀gá tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni; ojú ni ó fi wọn bóòtù titun mọ́ ti àtijọ́, kò ṣí ìwé wò.

Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ni mo ní sí òfin titun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ pé 70 ni a ó fi wọn òun lè máa kọ́ ọmọ ní ìdáhùn dípò iṣẹ́, ẹni tí ó bá sì rò pé àkọ́sórí kò sí ní fásitì tiwa, kí ó nawọ́. Nítorí náà, ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti le ni ìdánwò ẹnu àti ti ọwọ́. Ẹ fún ọmọ náà ní ìwé ọkọ̀ tí kò rí rí. Kí ó kà á, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà fún yín, kí ó sì ṣe é lójú yín. Ohun kan náà ni mo fẹ́ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Zaria, nítorí pé àwa ni a ó wọ ọkọ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì dá mi lóhùn. Mo ń retí rẹ̀ lójú ewé yìí.