Ẹ Má Gé Tíọ́rì Kúrò Nínú Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní ìparí ọdún 2022, ó kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, ó sì fi ìdá 30 tó kù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ní Èkìtì láti 2011, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a fi ìdá náà kọ́ wọn ní irinṣẹ́ tó lòde lónìí. Èmi ní tíọ́rì ló yẹ ká fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká wo awakọ̀ kan tó gbé ọjà láti Ìkọ̀lé, tó fẹ́ já a ní ìlú mẹ́wàá, Ìtàpá, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Ìdó àti àwọn mìíràn, kó tó padà sílé. Èwo ni kó kọ́kọ́ dé kí owó epo má baà jẹ èrè rẹ̀ tán? Ọ̀nà tó lè gbà tò wọ́n tẹ̀ léra jẹ́ 3,628,800. Kọ̀ǹpútà tó lè yẹ bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti parí rẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Sọ ìlú di ogún, ẹ̀rọ kan náà á lo nǹkan bí ọdún 77. Ẹni tí kò kọ́ tíọ́rì á rò pé kóòdù òun ló lọ́ra, á lọ ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹni tó kọ́ ọ mọ̀ pé yíyẹ gbogbo rẹ̀ wò ni àìsàn náà. Á wá ọ̀nà tó dára tó, á sì fi awakọ̀ sílẹ̀ kó máa lọ.

Wọ́n á ní iṣẹ́ ni ọmọ ń wá, kì í ṣe ìṣirò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ Flash tí ọ̀pọ̀ fi jẹun kú ní ìparí 2020, nígbà tí ọgbọ́n wíwá ọ̀nà tó kúrú jù tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Dijkstra tẹ̀ jáde ní 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á tún ní ẹ̀rọ ti ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Ta ni yóò wá mọ̀ bí ohun tó kọ bá ṣìnà?

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló mú mi lẹ́nu: àkọ́sórí ni a sábà máa ń fi tíọ́rì ṣe. Olùkọ́ ló yẹ ká bá wí níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tó lè fi kọ́ni wà nílé: ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, òun ló fi bí odù 256. Kí ló dé tí ọmọ Èkìtì fi ní láti lọ sí òkè òkun kó tó lóye ìṣirò oní-méjì?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ yunifásítì, ìdá 30 yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi kọ́ tíọ́rì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí awakọ̀ Ìkọ̀lé.